Ẹ̀rọ Tó Gbé Ohùn Ìyá Mi Mì

Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kó má fi ẹnu àwọn tíṣà rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, bí mo bá ṣe wí i ni kó ṣe kọ ọ́. Ó ní òun gbọ́. Ó dáa, kó máa kọ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ olórin kan ni, èyí tí ọkọ mi rà sínú mọ́tò rẹ̀ nígbà Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí ìjọba sójà ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kamaradi. Ẹni tó ń ta epo, kamaradi ni. Sandáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, tó dá ọ jókòó sínú oòrùn, kamaradi ni òun náà. Ìyakọ mi kò gbọ́ èdè òyìnbó kankan, ṣùgbọ́n bó bá ń lé ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí a ń sá, a máa pariwo pé, "Kamaradi, mo ní kí o kúrò ńbẹ̀!"

Ọkọ mi ń wa takisí, Pijó kan tó ti dàgbà. Láti Ìfọ̀nyìn wa yìí, tí ìjọba ń pè ní Ifangni, ó máa ń kó èrò lọ sí Ìgòlò, kó tó wá kó ti Ìgòlò lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ pọ̀ ní gáréèjì, gbogbo wọn ló sì gbó bákan náà. Ohun tó mú kí èrò máa wọ ti ọkọ mi ni orin. Ó kó èrè àsìkò epo kan jọ, ó lọ sí Àjàṣẹ́, ó ra ẹ̀rọ tuntun tó ń gbọ́ redíò tó sì ń gbé kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kamaradi Olórin. Àwọn obìnrin tó ń ru gàrí á fi ọkọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó sínú tirẹ̀ láti dúró. Ìdí orin yẹn la ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà délé, kó tó dì í mọ́ iwájú mọ́tò, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wá. Pépà pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ìdè tó so ọmọrí rẹ̀ mọ́ra. Ó ní ọkùnrin inú bùtíìkì tí òun ti rà á sọ fún òun pé gàràǹtí nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, kí òun gbé e wá bó ṣe wà, wọ́n á fún òun ní òmíràn. Ṣùgbọ́n bí pépà yẹn bá ti ya, kí òun má ṣe yọ àwọn lẹ́nu.

Ìyakọ mi ní, "Gàràǹtí, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Onídùúró ni, Ìyá. Ẹni tó dúró fún ẹ̀rọ."

"Ta ni? Ọmọ ilé ta ni?"

"Kì í ṣe ènìyàn, Ìyá. Pépà yìí náà ni."

"Pépà ló dúró fún ọ? Ó dáa. Lọ́jọ́ tí àwọn kamaradi bá tì ọ́ mọ́lé, pépà ni kí o rán sí wọn, má ránṣẹ́ sí mi."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wo pépà pupa yẹn títí. Ó ní, "Èyí kì í ṣe onídùúró. Ààlè ni. Òyìnbó fi ààlè lé e."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé wa lára. Ṣé ẹ mọ ààlè? Bí àgbẹ̀ bá ṣẹ́gi tí kò tíì rí ẹni bá a rù ú, yóò so àkísà àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn, yóò fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fi ààlè lélẹ̀ nìkan ló ń ká a. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń nu mọ́tò, mi ò kì í ki ọwọ́ mi dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ọkọ mi pàápàá, tó mọ̀ pé àwàdà ìyá òun ni, kò ki ọwọ́ débẹ̀.

Nígbà tó yá, Nàìjíríà ti bodè pa.

Ìyá tó bí mi wà ní òdìkejì, ní Ìpókíá. Ọmọ Ìpókíá ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi dé ìhín. Àwọn tó ni pákó ìdínà àti sójà ló mọ̀ pé ilẹ̀ méjì ni, lójú tiwa ilé kan ni. Ọjọ́ ọjà ni mo máa ń lọ wò ó. Mo tún jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un nínú àwọn ọmọ tó bí. Nígbà tí wọ́n ti bodè, mo gba inú igbó lọ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti àwọn obìnrin tó ń lọ gbé súgà. Bí a ṣe ń bọ̀, àwọn sójà yọ sí wa. A sá. Mo gbé oyún nígbà náà, ó sì jẹ́ oyún àkọ́kọ́. Mo sá tí mi ò mọ ibi tí mo ń sá lọ, mo já sínú àbàtà, mo ṣubú. Nígbà tí mo fi délé, ọ̀rọ̀ ti parí. Oyún náà ti bọ́.

Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó kàn sọ pé, "Mo bẹ̀ ọ́, ọ̀nà yẹn, má gbà á mọ́." Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, oyún mìíràn ti dúró, ó ti ń yí nínú mi.

Nígbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni àwa tí kò mọ̀wé fi ń rán ara wa níṣẹ́. Bí o bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, o máa jókòó síwájú rẹ̀, o máa sọ ohun tó wà nínú rẹ, o sì máa fi rán ẹni tó ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin onísúgà fi kásẹ́ẹ̀tì kan lé ọkọ mi lọ́wọ́ ní Ìgòlò. Ó ní, "Ìyá ìyàwó rẹ ní kí n fún ọ. Ara wọn ò le o."

Bó ṣe ń bọ̀ nílé, sandáámù dá a dúró lójú ọ̀nà, ó tú gbogbo mọ́tò. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní àwòrán olórin kankan lára.

"Kamaradi, kí ló wà nínú èyí?"

"Ìyá ìyàwó mi ni, Patíróónù."

"Ta ló ń jẹ́ patíróónù? Kamaradi ni kí o pè mí. Ìyá ìyàwó rẹ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kamaradi. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ wọn."

Sandáámù yẹn yí kásẹ́ẹ̀tì síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń bú ọ nínú rẹ̀?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Máa lọ. Tèmi náà ń bẹ nílé. Kò sí ìlú tó lè dá ìyá ìyàwó dúró."

Bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, ẹ̀rín sì ń pa á. Ọjọ́ ò tíì lọ. Ó pè wá sínú mọ́tò tó gbé sábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé. Mo jókòó ti ọkọ mi níwájú, ìyakọ mi wà lẹ́yìn, ó ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkọ mi ti kásẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Ṣé kí n máa sọ?" Lẹ́yìn náà ló kì mí. Ó kì mí bó ṣe máa ń kì mí láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí àga mọ́tò. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní àìsàn kan gbé òun ṣánlẹ̀, pé òun ò jáde mọ́, pé inú yàrá ni òun ti ń kírun. Ó wá ní, "Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé…"

Ibẹ̀ ni ohùn náà ti nípọn. Ó di ohùn ọkùnrin, ó wá di bí ẹni tí omi ń mu, ó sì dákẹ́.

Ọkọ mi tẹ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì jáde. Kò jáde. Ó tún un tẹ̀. Ó yọjú sí ẹnu rẹ̀, ó rí okùn kásẹ́ẹ̀tì tó ti wé mọ́ inú lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ó ti gbé e mì."

Mo ní, "Ẹ fà á."

"Bí mo bá fà á, yóò já."

"Ẹ ṣí i, ẹ tú u."

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fọwọ́ kan ibi tí pépà pupa yẹn wà, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ọdún kò tíì yí po. Gàràǹtí ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Màá gbé e lọ bó ṣe wà, wọ́n á yọ kásẹ́ẹ̀tì fún wa, wọ́n á sì fún mi ní òmíràn."

Ó bá a mu, mi ò lè sọ pé kò bá a mu. Ó tú ẹ̀rọ kúrò lára mọ́tò lọ́jọ́ kejì, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń di irun fún àwọn tó wá, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ń bá ìyá mi parí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o wá. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o fi aṣọ ránṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o dárí jì mí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì í, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni a máa gbé irú rẹ̀ wá. Obìnrin tí mò ń dirun fún ní, "Ẹ rọra o, ẹ fẹ́ fa orí mi já."

Nígbà tí ọkọ mi padà dé, aṣọ tó fi wé ẹ̀rọ lọ náà ló tún fi gbé e bọ̀.

Mo ní, "Ṣé tuntun ni?"

Ó ní, "Àtijọ́ náà ni."

Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní ọkùnrin inú bùtíìkì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó rí i pé pépà kò ya, ó sì gbé tuntun ka orí káńtà síwájú òun. Òun wá ní kí ó yọ kásẹ́ẹ̀tì inú àtijọ́. Ọkùnrin náà ní àwọn kì í ṣí ẹ̀rọ níbẹ̀. Kùtọnu ni àwọn ń kó èyí tó bàjẹ́ lọ, ibi tí wọ́n sì ń kó wọn gbà lẹ́yìn Kùtọnu, òun ò mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò sí nínú gàràǹtí.

Ìyakọ mi ní, "Ìwọ sì gbé àtijọ́ bọ̀? Tuntun tó wà níwájú rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyá, mi ò lè fi ìyá ìyàwó mi sílẹ̀ sórí káńtà."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo ṣì ń rí i bó ṣe jókòó, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi lẹ́nu, tí kò wo ojú mi.

Ẹ ó rò pé yóò ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Kò ṣí i. Ó gbé e sórí tábìlì inú yàrá wa, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Mọ́tò rẹ̀ ti dákẹ́. Àwọn tó ń pè é ní Kamaradi Olórin wá ń bi í pé ṣé Rẹfolúsíọ̀n ti fi òfin de orin ni. Nígbà mìíràn yóò dúró ní gáréèjì títí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á fi kún, wọ́n á sì lọ. Bó bá délé, yóò ní òun ṣì ń ro ó, pé bóyá ọkùnrin bùtíìkì yóò yí ọkàn padà, pé bí òun bá ya pépà yẹn, kò sí ẹni tí òun tún lè gbé e tọ̀ lọ. Gàràǹtí, gàràǹtí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń gbé etí lé ọmọrí ẹ̀rọ nígbà tí kò sí nílé. Mo mọ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbé etí lé e ni.

Nígbà tí kò ṣeé gbà mọ́ra mọ́, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Olówó orí mi, bó bá jẹ́ ti gàràǹtí ni, ẹ sọ fún mi kí n lọ bẹ ọkùnrin yẹn fúnra mi. Ìyá mi ń ṣàìsàn. Wọ́n ní kí n ṣe nǹkan kan, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́."

Ó ní, "Bí mo bá ṣí i, tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí o wá ńkọ́?"

Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi.

Ó ní, "Ọ̀nà yẹn ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ wa."

Mo wá mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí pépà yẹn wà láìya, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá mi wà láìpé, ọkọ mi sì lè máa sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó pè mí. Mi ò bínú mọ́. Ẹ̀rù tó ń bà á ń ba èmi náà. A jókòó bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, ẹ̀rọ wà láàárín wa.

Àṣé ìyakọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, kò bèèrè ohun tí a ń sọ. Ó ní, "Ẹ gbé e jáde síta, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà."

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ pè é ní ààlè. Ẹni tó fi í lélẹ̀ ló ń ká a."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Olè ni wọ́n ń fi ààlè lé sẹ́yìn. Ta ni olè níbí? Ẹni tó ni ẹrù ló fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, kì í ṣe igi ìdáná òyìnbó."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e sí abẹ́ igi ọsàn. Ọkọ mi mú túnẹfíìsì kékeré tó fi ń yí ìdè iná mọ́tò wá. Ó bu omi gbígbóná, ó fi àkísà tẹ pépà náà jẹ́jẹ́, ó ń wò ó bóyá yóò ṣí láìya, kí òun lè lẹ̀ ẹ́ padà.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ jí ààlè lò!"

Pépà náà ya sí méjì. Ọkọ mi dúró díẹ̀, ó wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ibi tó fi ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Lẹ́yìn náà ló yí ìdè, ó ṣí ọmọrí.

Inú rẹ̀ kéré ju ohun tí mo rò. Rọ́bà dúdú tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ń yí àgbá kan sí èkejì, ó ti nà, ó rọ̀ bí ìfun. Ọkọ mi ní, "Òun nìyí. Bíi bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni. Ó ti yọ̀, apá kan ń tu okùn jáde, apá kejì kò ká a." Okùn kásẹ́ẹ̀tì náà ti wé mọ́ ọ̀pá irin kan bí ìgbà tí irun bá wé mọ́ òwú. Ó mú ọ̀bẹ.

Mo ní, "Ẹ gbé ọwọ́ kúrò."

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo mú ìrù ìlarun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Irun ọmọdé tó ti ta kókó, a kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìdí, ẹnu rẹ̀ la ti ń wá. Mo wá ẹnu rẹ̀ rí. Mo ń tú u ní ìwọ̀nba, ọkọ mi ń gbà á lọ́wọ́ mi kó má bàa kan ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fi ọwọ́ mú yẹn, ìyá mi ni. Ibi kan wà tó ti run pọ̀ gan-an, mo fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ lórí itan mi títí tó fi tẹ́jú. Kò já. Ọkọ mi ki bíìkì ìkọ̀wé bọ ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì, ó yí i, gbogbo rẹ̀ padà wọlé.

Ó wá gé rọ́bà láti ara túúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ó gé e tín-ín-rín, ó fi rọ́pò èyí tó yọ̀. Ó yọ irin kan tó ń fa kásẹ́ẹ̀tì wọlé, ó ní òun ò gbà kó tún gbé nǹkan mì mọ́, ọwọ́ ni a ó máa fi gbé e sí i. Ọmọrí, kò dá a padà. Ó gbé bátìrì mọ́tò sílẹ̀, ó na wáyà méjì sí ẹ̀rọ, ó na òmíràn sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan. Bó ṣe kọ́kọ́ dún, ohùn ọmọdé ló jáde, ó ń sáré. Ìyakọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi tún rọ́bà náà gé, ó tún un fi sí i, ohùn náà sì padà di ti ìyá mi.

A gbọ́ ọ títí dé ibi tó ti rì. Ó gbọ̀n níbẹ̀ bí ẹni tó ń gba orí afárá igi kọjá, ó sì kọjá.

"…ni pé kí o jókòó jẹ́ẹ́ sílé ọkọ rẹ. Má wá o. Mo gbọ́ pé ìwọ nìkan kọ́ ló wà nínú ara rẹ. Ọ̀nà kò dára. Àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí ọmọ ń torí rẹ̀ rìn nínú igbó. Wọ́n ń tọ́jú mi. Mò ń jẹun. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bá mi kí ìyá rẹ̀." Ó wúkọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ladánì ń pe ìrun. Ó dúró kí ìpè náà parí. Ó wá ní, "Ó dàárọ̀, ọmọ mi. Ó dàárọ̀ o." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà, mi ò ní purọ́, ara mi rọ̀. Má wá. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ìyakọ mi kò mira. Ó ní, "Tún ìparí rẹ̀ gbé."

A tún un gbé.

"Ìpè ìrun wo nìyẹn, ìyàwó?" Ilé tiwọn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ.

Mo ní, "Àìlá ni, Ìyá."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń pè é?"

"Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti kúrò lágbede…" Mi ò parí rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ń sọ pé ó dàárọ̀ lọ́sàn-án gangan?"

Níbi tiwa, ẹni tí a ó tún rí, ó dàbọ̀ la ń sọ fún un. Ó dàárọ̀, ẹni tó ń lọ sùn ló ń sọ ọ́. Létí sàréè náà la tún ti ń sọ ọ́. Ìyá mi jẹ́ ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ti ní kí n má wá, nítorí pé ìyá ni, kò sì sí ohun mìíràn tí ìyá lè fi ẹnu rẹ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ló wá kí mi. Ọkọ mi dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. "Má wá" ṣì wà níbẹ̀ bó bá fẹ́ mú un. Ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi. Ó ní, "Múra. Màá sìn ọ́ dé ibi tí mọ́tò lè dé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá sìn ọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ lè dé."

Kí n tó gbàgbé, jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà tán. Kò padà sínú mọ́tò mọ́. Bí mọ́tò bá ti ń mì, okùn á fò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí kò ní ọmọrí, irin rẹ̀ sì ti dín. Inú ilé la ti ń lò ó. Ọkọ mi wa takisí láìlórin títí ó fi tà á, èrò rẹ̀ dínkù, a sì mọ̀ ọ́n lára. Kò ṣe ìrègún rẹ̀ fún mi rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà.

Obìnrin onísúgà yẹn ló ṣíwájú wa wọ igbó lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí a gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọkọ mi ń fi ọ̀pá lu koríko. Níbi tí àbàtà wà, ó gbé mi pọ̀n bí ọmọdé, ó ń wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Rọra, rọra," mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń sọ fún tàbí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Níbì kan a gbọ́ ohùn àwọn sójà, wọ́n ń jiyàn lórí iṣu tí wọ́n ń sun. A lúgọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Èyí tó wà nínú mi dákẹ́ bí ẹni tó mọ̀. A dúró títí wọ́n fi jẹun tán, tí wọ́n sì kọjá lọ.

Mo bá ìyá mi lórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn. Ó ti gbẹ. Kò yí orí padà.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

Ó ní, "Mo ní kí o má wá."

"Mo gbọ́, Màámi."

"O gbọ́, o sì wá."

"Ẹ ní ó dàárọ̀."

Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Ta ló sìn ọ́ gba ọ̀nà burúkú yẹn?"

"Ọkọ mi ni. Ó wà níta. Ẹrẹ̀ ló bò ó, kò fẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀."

"Sọ fún un kó wọlé. Ẹrẹ̀ ò ṣe nǹkan kan."

Ọjọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Mo wẹ̀ ẹ́, mo di irun rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti gba omi tó mu kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a dé yẹn, ọkọ mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ìyá mi na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló sún ara rẹ̀ mọ́ ògiri, kí n lè rí àyè jókòó.